Bí Irúgbìn Òdòdó Lálẹ̀hù Ṣe Dọjà Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì

Ẹni tó bá wọ ọkọ̀ ojú irin láti Lọ́ńdọ̀nù lọ sí ìgbèríko Gẹ̀ẹ́sì yóò rí koríko tútù yọ̀yọ̀ tó tẹ́ lọ salalu, á sì rò pé bí ilẹ̀ náà ṣe rí láti ayébáyé nìyẹn. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Ní àwọn ọdún 1930, pápá tí wọ́n ń gé koríko rẹ̀ pa mọ́ fún màlúù nígbà òtútù ṣì kún fún òdòdó lálẹ̀hù lóríṣiríṣi, láìsí ẹni tó gbìn wọ́n. Nígbà tó fi máa di 1984, ìdá 97 nínú ọgọ́rùn-ún irú pápá bẹ́ẹ̀ ti pa rẹ́ ní Gẹ̀ẹ́sì àti Wales. Lónìí, onílé tó bá fẹ́ òdòdó wọ̀nyí lẹ́yìnkùlé rẹ̀ ní láti fowó ra irúgbìn wọn. Bí ohun tí ilẹ̀ ń mú jáde lọ́fẹ̀ẹ́ ṣe di ohun tí à ń wọ̀n ní gíráàmù tà ni ìtàn tí mo fẹ́ sọ.

Ebi ló kọ́kọ́ fà á. Nígbà tí Ogun Àgbáyé Kejì bẹ́ sílẹ̀ ní 1939, ọkọ̀ abẹ́ omi àwọn ará Jámánì ń ri ọkọ̀ tó ń kó oúnjẹ bọ̀ láti òkè òkun. Ìjọba yan ìgbìmọ̀ tó láṣẹ láti sọ fún àgbẹ̀ pé kó tú pápá rẹ̀, kó gbin ohun jíjẹ sí i. Ogun parí, ìtúlẹ̀ ò parí. Ajílẹ̀ oníkẹ́míkà pọ̀ lọ́jà, oògùn apakòríko dé, koríko kan tó ń yára dàgbà, ryegrass, sì gba àyè ọ̀pọ̀ ewéko. Wọ́n tún bẹ̀rẹ̀ sí í gé koríko ní tútù láti oṣù Karùn-ún, kí òdòdó tó so rárá.

Àgbẹ̀ ilé wa lè má tètè gbà pé ajílẹ̀ ló lé òdòdó lọ. Àmọ́ òdòdó pápá fẹ́ràn ilẹ̀ tó ti ṣá. Bí ilẹ̀ bá lọ́ràá, koríko á ga, á bò wọ́n mọ́lẹ̀, wọn ò ní rí oòrùn. Ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún tí àwọn èèyàn fi ń gé koríko kó lọ, láìdá ohun púpọ̀ padà sílẹ̀, ló jẹ́ kí òdòdó ráyè. Àpò ajílẹ̀ mélòó kan sì tó láti ba gbogbo rẹ̀ jẹ́.

Lára àwọn tó kọ́kọ́ dìde sí ọ̀rọ̀ náà ni Miriam Rothschild. Ìdílé olówó tó ní báǹkì ni wọ́n bí i sí ní 1908, ní Ashton Wold, ní Northamptonshire. Charles, baba rẹ̀, ló dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ ní 1912 tó ń wá ilẹ̀ tó yẹ kí wọ́n dá sí fún ẹranko àti ewéko. Ọmọ náà ò gboyè ní yunifásítì, síbẹ̀ ó di ọ̀gá nínú ìmọ̀ yọ̀rọ̀, kòkòrò tó ń fò lára ajá àti eku, débi pé Royal Society, ẹgbẹ́ àwọn àgbà onímọ̀ sáyẹ́ǹsì, gbà á wọlé ní 1985. Ní àwọn ọdún 1970, lẹ́yìn tó ti lé lọ́mọ ọgọ́ta ọdún, ó rí i pé òdòdó tó mọ̀ lọ́mọdé ti ń tán nílẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbìn wọ́n nílé rẹ̀, ó ń kó irúgbìn wọn, ó sì ń tà á. Ó pe ọ̀kan nínú àdàlù rẹ̀ ní Farmer's Nightmare, àlá burúkú àgbẹ̀, nítorí pé poppy, cornflower, corncockle àti irú wọn ló wà nínú rẹ̀, àwọn tí àgbẹ̀ alálìkámà ti náwó rẹpẹtẹ láti pa run. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980, Charles, ọmọ ọba nígbà náà tó ti di ọba báyìí, pè é kó wá ran òun lọ́wọ́ dá pápá olódòdó sílẹ̀ ní Highgrove, ilé rẹ̀ ní ìgbèríko. Láti ìgbà náà ni ojú tí àwọn onílé fi ń wo èpò ti ń yí padà.

Ìmọ̀ tó gbé òwò náà ró wá láti Monks Wood, ibùdó ìwádìí kan nítòsí Huntingdon. Terry Wells àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ yẹ̀ ẹ́ wò níbẹ̀: irúgbìn wo ló ń tètè hù, koríko wo ni kò ní fún òdòdó lọ́rùn? Wọ́n tẹ ìwé lórí rẹ̀ jáde ní 1981. Ọdún kan ṣáájú ni Donald MacIntyre ti dá ilé iṣẹ́ onírúgbìn Emorsgate Seeds sílẹ̀ ní Norfolk. Iṣẹ́ àfarabalẹ̀ṣe ni. Wọ́n á gbàṣẹ lọ́wọ́ onílẹ̀, wọ́n á fọwọ́ ṣa irúgbìn díẹ̀ ní pápá àtijọ́, wọ́n á gbìn ín sóko tiwọn kó lè bí sí i, kí wọ́n tó rí èyí tí wọ́n máa tà.

Àwọn tó ń fẹ́ irúgbìn náà wá pọ̀ ju èyí tó wà nílẹ̀ lọ. Àwọn tó ń la títì ń béèrè, ìjọba ìbílẹ̀ ń béèrè, onílé ń béèrè. Ni àwọn oníṣòwò kan bá gba ilẹ̀ Yúróòpù lọ, wọ́n ra irúgbìn tó pọ́ọ́kú níbẹ̀. Orúkọ tó wà lára àpò ò yàtọ̀, ohun tó hù ló yàtọ̀. Òdòdó bird's-foot trefoil tó yẹ kó rọra tẹ́ mọ́lẹ̀ ń nàró gbọọrọ, nítorí irú èyí tí wọ́n ń gbìn fún ẹran jẹ ni wọ́n tà. Ní 1994, ẹgbẹ́ Plantlife, tó ń jà fún ewéko lálẹ̀hù, gbé ìwé kan jáde tí John Akeroyd kọ láti ké gbàjarè lórí ọ̀rọ̀ yìí.

Èmi gbà pé ó yẹ kí wọ́n ké. Bí Yorùbá ṣe ń wádìí ìdílé kí wọ́n tó fẹ́ ìyàwó ló ṣe yẹ kí á wádìí irúgbìn. Ìdin labalábá tí wọ́n ń pè ní small blue kì í jẹ ohun mìíràn ju òdòdó kidney vetch lọ, inú orí òdòdó náà ló ń gbé. Bí èyí tó ti ọ̀nà jíjìn wá bá tanná ṣáájú àkókò tàbí lẹ́yìn rẹ̀, kí ni labalábá náà máa yé ẹyin sí?

Irúgbìn kan wà tó wúlò ju gbogbo wọn lọ fún ẹni tó ní koríko nílẹ̀ tẹ́lẹ̀. Yellow rattle lorúkọ rẹ̀. Gbòǹgbò rẹ̀ máa ń so mọ́ gbòǹgbò koríko, á máa fa omi àti oúnjẹ rẹ̀ mu, koríko á rẹlẹ̀, òdòdó yòókù á ráyè. Ẹbí kan náà ni òun àti ewéko olódòdó elése àlùkò tó ń fa oje ọkà bàbà àti àgbàdo gbẹ lóko àwọn ará wa ní Òkè Ògùn àti Kwara. Ẹ̀ka ẹbí tó jẹ́ ọ̀tá àgbẹ̀ ló wà nílé wa, èyí tó ń tún pápá ṣe ló wà lọ́dọ̀ wọn. Irúgbìn rẹ̀ kì í pẹ́ kó tó kú, nítorí náà tọdún náà gan-an ni kí ẹ rà. Ó tún gbọ́dọ̀ fara gba òtútù kó tó lè hù, ẹni tó bá gbìn ín nígbà ìrúwé ti fi owó ṣòfò.

Ọdún 2013 pé ọgọ́ta ọdún tí wọ́n dé Ọbabìnrin Elizabeth ládé. Charles àti àwọn ẹgbẹ́ bíi Plantlife fi àjọ̀dún náà bẹ̀rẹ̀ ètò Coronation Meadows: kí wọ́n wá pápá àtijọ́ tó dára jù ní ẹkùn kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n sì lò ó láti bí tuntun. Wọ́n á gé koríko rẹ̀ nígbà tí irúgbìn bá gbó, wọ́n á kó o ní tútù lọ tẹ́ sórí ilẹ̀ tí wọ́n ti họ sílẹ̀ nítòsí, lọ́jọ́ kan náà. Irúgbìn á gbọ̀n sílẹ̀ fúnra rẹ̀. Kò sí ọ̀nà tó dá mi lójú tó èyí, torí pé ẹni tó kó o mọ ibi tó ti wá.

Ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá ló ní ẹ̀yìnkùlé ní Peckham, Manchester àti Leeds. Mo mọ̀ pé lójú tiwa, ọ̀lẹ ló ń jẹ́ kí koríko bo àyíká ilé. Àmọ́ bí ẹ bá dá pápá olódòdó síbẹ̀, ẹ gé ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ mọ́lẹ̀ dáadáa, aládùúgbò á rí i pé ẹ mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é ni. Ẹ má da ajílẹ̀ sí i. Nǹkan bíi gíráàmù mẹ́rin àdàlù koríko àti òdòdó tó fún mítà kan níbùú lóròó. Ẹ gé e ní ìparí oṣù Keje tàbí nínú oṣù Kẹjọ, kí ẹ sì kó ohun tí ẹ gé kúrò. Àpò tí àwòrán poppy pupa bá wà lára rẹ̀, ẹ yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa: òdòdó ọlọ́dún kan ni, bí ẹ ò bá tú ilẹ̀ lọ́dọọdún, ẹ ò ní fi bẹ́ẹ̀ rí i lọ́dún kejì. Kí ẹ tó sanwó, ẹ bi ẹni tó ń tà á ní ẹkùn tí wọ́n ti kó ìyá irúgbìn náà. Bí kò bá lè sọ ọ́, ẹ lọ sọ́dọ̀ ẹlòmíràn.