Ẹ ka iwájú lọ́rì kí ẹ tó sanwó rẹ̀

Bí ẹ bá ti gba títì Ìjẹ̀bú-Òde lọ sí Òrè rí, ẹ ó ti pàdé agbégilódò lọ́nà. Gẹdú ńláńlá á wà lẹ́yìn rẹ̀, imú rẹ̀ á yọ síwájú, ìró rẹ̀ á sì ti dé etí yín kí òun fúnra rẹ̀ tó yọ. Tí ẹ bá wò ó dáadáa, ó ṣeé ṣe kí ẹ rí ìràwọ̀ Mercedes-Benz níwájú rẹ̀, kí ẹ sì rí nọ́ńbà kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ imú rẹ̀: 911. Awakọ̀ tó jókòó sídìí rẹ̀ lè má tíì dáyé nígbà tí wọ́n ṣe ọkọ̀ náà.

Irú ọkọ̀ yìí gan-an làwọn kan ń fọ̀, tí wọ́n ń kùn ní ọ̀dà tuntun ní Jámánì, tí wọ́n sì ń wà lọ síbi táwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ti ń pàtẹ lọ́rì àtijọ́. Wọn kò fi gbé gẹdú, wọn kò fi gbé sìmẹ́ńtì. Wọ́n kàn fẹ́ràn rẹ̀ ni. Irú wọn wà ní Amẹ́ríkà, ní Brazil, ní Sweden, ní Pakistan àti ní Japan. Ohun tó mú wa gbé ọ̀rọ̀ wọn wá sí ojú ewé ọrọ̀ ajé ni pé wọ́n mọ nǹkan kan tí ọ̀pọ̀ oníṣòwò wa tó ń fi owó àjọ tàbí owó ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ra ọkọ̀ kò mọ̀: wọ́n mọ bí wọ́n ṣe ń ka iwájú lọ́rì bí ẹni ń ka ìwé. Yàtọ̀ sí ilé, ọkọ̀ akẹ́rù àlòkù ni ohun tó wọ́n jù lọ tí ọ̀pọ̀ oníṣòwò kékeré máa rà láyé wọn. Ẹni tó bá sì ra èyí tí kò bá iṣẹ́ rẹ̀ mu, gbèsè ló fi owó ara rẹ̀ rà yẹn.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti orí 911 yẹn. Láti 1963 ni Mercedes-Benz ti ń fún àwọn lọ́rì rẹ̀ ní irú nọ́ńbà yìí, ìtumọ̀ rẹ̀ kò sì le. Nọ́ńbà méjì tó gbẹ̀yìn ni agbára ẹ́ńjìnnì, tí ẹ bá fi 10 sọ ọ́ di púpọ̀. Ohun tó bá ṣẹ́ kù níwájú ni iye tọ́ọ̀nù. Torí náà, 911 jẹ́ ọkọ̀ tọ́ọ̀nù 9 tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ní agbára ẹṣin 110. Èyí tí wọ́n kọ 1113 sí lára jẹ́ tọ́ọ̀nù 11, agbára ẹṣin 130. Ọ̀nà kan náà ni wọ́n ṣì ń gbà kọ ọ́ títí di ìsinsìnyí: Actros 1845 jẹ́ tọ́ọ̀nù 18, agbára ẹṣin 450 tàbí èyí tó súnmọ́ ọn. Lẹ́tà tó máa ń ṣáájú nọ́ńbà lára àwọn ti àtijọ́ náà ní iṣẹ́ tó ń jẹ́. LK túmọ̀ sí típà, LS sí orí tírélà, LA sí èyí tí ẹsẹ̀ iwájú àti tẹ̀yìn jọ ń wọ́ ọkọ̀.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣì í kà rè é o. Tọ́ọ̀nù 9 yẹn kì í ṣe ẹrù nìkan. Àpapọ̀ ọkọ̀, pákó ẹ̀yìn rẹ̀, epo inú táǹkì, awakọ̀, ọmọ ọkọ̀ àti ẹrù ni. Tí ẹ bá yọ ọkọ̀ fúnra rẹ̀ kúrò níbẹ̀, ẹrù tó kù kò ju nǹkan bíi tọ́ọ̀nù 5 lọ. Àpò sìmẹ́ńtì 20 ló máa ń pé tọ́ọ̀nù kan, torí pé kílò 50 ni àpò kan. Ìyẹn ni pé àpò 100 ni 911 yẹ kó gbé. Ẹ̀yin náà mọ iye tí àwọn èèyàn wa ń kó lé e. Ọkọ̀ náà á gbé e, òótọ́ ni, nítorí pé ṣáásì rẹ̀ le bí òkúta. Àmọ́ bíréèkì rẹ̀ kò mọ̀ pé ẹ ti sọ ọ́ di tọ́ọ̀nù 15. Lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ni ọ̀rọ̀ náà ti máa ń hàn, ìgbà yẹn sì ti pẹ́ jù.

Kí ló wá dé tí ọkọ̀ tí wọ́n kọ́kọ́ gbé ìran rẹ̀ jáde ní 1959 kò fi kúrò lójú títì? Àwa kan ń rò pé nítorí pé àwọn ará Jámánì mọ iṣẹ́ ni. Ìyẹn wà níbẹ̀, àmọ́ kì í ṣe gbogbo rẹ̀. Ohun tó mú un pẹ́ jù ni ẹ́ńjìnnì rẹ̀, tí wọ́n ń pè ní OM 352. Sìlíńdà 6 ló ní, ó fi díẹ̀ dín ní líta 6, ìgbà tó di 1964 ló jáde. Kò sí kọ̀ǹpútà kankan nínú rẹ̀. Pọ́ǹpù ló ń ti epo díísù lọ sí nọ́súùlù, nọ́súùlù sì ń tú u tààrà sínú sìlíńdà. Mẹkáníìkì tó bá ní sípánà tó pé àti ojú inú lè tú u palẹ̀ sábẹ́ igi, kó sì tò ó padà. Èkejì ni pé inú 911 nìkan kọ́ ni ẹ́ńjìnnì yìí wà. Wọ́n fi sínú bọ́ọ̀sì, wọ́n fi sínú Unimog tó ń ṣiṣẹ́ oko àti iṣẹ́ ológun, wọ́n sì kó o lọ sí Brazil, níbi tí Mercedes-Benz ti ní ilé iṣẹ́ ní São Bernardo do Campo láti 1956. Ọkọ̀ 1113 tí wọ́n ń ṣe níbẹ̀ gbajúmọ̀ débi pé nọ́ńbà rẹ̀ nìkan ni àwọn awakọ̀ ibẹ̀ fi ń pè é, bí àwa náà ṣe ń pe 911. (Àwọn awakọ̀ Brazil náà máa ń kọ ọ̀rọ̀ ọgbọ́n àti ẹ̀fẹ̀ sẹ́yìn lọ́rì wọn. Ẹni tó bá ti rìn ní títì Ìbàdàn kò ní ṣàlejò níbẹ̀.) Ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn bá ń lò kiri ayé, páàtì rẹ̀ kì í tètè wọ́n.

Ẹ fi èyí wé Bedford. Òun ni ọ̀pọ̀ bọ̀lẹ̀kájà tí àwọn bàbá wa wọ̀, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló ti ń wá. General Motors tó ni ín ṣíwọ́ ṣíṣe lọ́rì náà ní Dunstable ní 1986. Lọ́dọ̀ wa, ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ di ohun ìtàn. Ní Pakistan, wọ́n ṣì ń lò ó, wọ́n ń ya òdòdó, ẹyẹ àti ojú èèyàn sí gbogbo ara rẹ̀, wọ́n ń so ṣaworo mọ́ ọn nísàlẹ̀. Àwọn ayàwòrán wà tí iṣẹ́ tí wọ́n fi ń jẹun kò ju kí wọ́n máa kun lọ́rì lọ. Irú rẹ̀ wà ní Japan náà, níbi tí wọ́n ti ń fi iná aláràbarà ṣe lọ́rì lọ́ṣọ̀ọ́; fíìmù kan tó jáde ní 1975 ló sọ àṣà náà di ìlúmọ̀ọ́ká. Ilé iṣẹ́ tó ṣe Bedford ti kógbá wọlé, ọkọ̀ náà kò sì kú ní Pakistan, nítorí pé àwọn tó ń rọ páàtì rẹ̀ kò lọ. Nígbà tí ẹ bá fẹ́ ra lọ́rì, ẹ má béèrè bóyá ilé iṣẹ́ tó ṣe é ṣì wà. Ẹ béèrè bóyá ẹni tó ń ta páàtì rẹ̀ wà nítòsí yín.

Ọ̀nà tí àwọn yòókù gbà ń kọ nọ́ńbà tiwọn yàtọ̀. Ti MAN jọ ti Mercedes: 19.280 jẹ́ tọ́ọ̀nù 19, agbára ẹṣin 280. Volvo kì í sọ tọ́ọ̀nù rárá, líta ẹ́ńjìnnì ló ń sọ: F12 àti FH12 jẹ́ líta 12, FH16 jẹ́ líta 16. Scania àtijọ́ pa méjì pọ̀. Nínú 113, 11 ni líta, 3 tó gbẹ̀yìn ni ìran ọkọ̀ náà. 143 jẹ́ líta 14, ìran kẹta kan náà. Láti 2004 ni Scania ti yí i padà, agbára ẹṣin ni wọ́n ń kọ síwájú báyìí, ìyẹn lẹ fi ń rí R 420. Ẹni tí kò bá mọ èyí lè rò pé 420 ju 143 lọ ní ìlọ́po mẹ́ta.

Mack ti Amẹ́ríkà ní ajá. Nígbà ogun àgbáyé àkọ́kọ́ ni àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì rí lọ́rì Mack tí imú rẹ̀ rí pẹlẹbẹ, tí kì í kọ iṣẹ́, ni wọ́n bá fi wé ajá bulldog. Ní 1932, Alfred Masury tó jẹ́ ọ̀gá àwọn ẹnjiníà ilé iṣẹ́ náà gbẹ́ ère ajá náà nígbà tó wà lórí ibùsùn ọsibítù, òun ló sì di èyí tí wọ́n ń gbé lé imú ọkọ̀ títí dòní. Ohun tó kan ẹni tó fẹ́ ra Mack ni àwọ̀ ajá ọ̀hún. Tó bá jẹ́ àwọ̀ wúrà, Mack fúnra rẹ̀ ló ṣe ẹ́ńjìnnì, jíà àti àwọn ásù. Tó bá jẹ́ àwọ̀ fàdákà, èyí tó wá láti ilé iṣẹ́ mìíràn wà nínú wọn. Àmọ́ ajá kì í fò mọ́lẹ̀ tí ẹnì kan bá fẹ́ pààrọ̀ rẹ̀, torí náà kí ẹ ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì.

Ọ̀pọ̀ máa ń béèrè ìdí tí tírélà Amẹ́ríkà fi ní imú gígùn tí ti Yúróòpù sì rí bíi páálí tí wọ́n gé. Òfin ló fà á. Ní Yúróòpù, àti orí àti ẹ̀yìn ni wọ́n jọ ń wọ̀n, tírélà olórí kan kò gbọ́dọ̀ ju mítà 16.5 lọ, nítorí náà imú tó bá gùn yóò gba àyè ẹrù. Ní Amẹ́ríkà, òfin 1982 sọ pé ẹ̀yìn nìkan ni kí wọ́n máa wọ̀n lójú títì márosẹ̀ ìjọba àpapọ̀. Imú wá di ọ̀fẹ́. Fún wa níbí, imú gígùn mú kí ọwọ́ mẹkáníìkì tètè dé ẹ́ńjìnnì, ṣùgbọ́n ó ń ṣòro yí nínú ọjà tó há.

Àwọn ti ìgbàlódé ńkọ́? Àwọn náà ní olólùfẹ́ tiwọn, wọn kò sì kéré. Scania gbé ẹ́ńjìnnì V8 jáde ní 1969 pẹ̀lú agbára ẹṣin 350. Nígbà tó di 2020, ó ti di 770. Volvo gbé èyí tó ní 780 jáde ní 2024. Láti 1986 ni wọ́n ti ń fi lọ́rì sáré ìje ní pápá Nürburgring ní Jámánì, ogunlọ́gọ̀ èèyàn ló sì ń sanwó wọlé wò ó. Ohun tó dùn ún wò lọ́hùn-ún lè di ìṣòro níbí o. Àwọn ọkọ̀ tó bá òfin èéfín Yúróòpù ti 2014 mu ní ẹ̀rọ tó ń sẹ́ èéfín, wọ́n ń mu omi kan tí wọ́n ń pè ní AdBlue, epo díísù tí wọ́n sì ṣe wọ́n fún ni èyí tí imí ọjọ́ inú rẹ̀ kò ju 10 lọ nínú mílíọ̀nù kan. Ẹ rọ epo ẹlẹ́gbin sínú wọn, iná á tàn lójú dáṣíbọ́ọ̀dù, agbára á sì lọ sílẹ̀. Rẹ́wáyà tí kò ní kọ̀ǹpútà kò lè ṣe ju kó máa wò ó lọ.

Ẹ jẹ́ ká fi owó ṣe àpẹẹrẹ. Ká ní oníṣòwò kan fi owó ọwọ́ rẹ̀ ra 911, tó ń jèrè ₦60,000 lójúmọ́ lẹ́yìn epo àti owó awakọ̀. Lóṣù mẹ́ta, ọjọ́ iṣẹ́ 78 ló wà. Ká yọ ọjọ́ 9 tí ọkọ̀ fi wà lọ́dọ̀ mẹkáníìkì. Ọjọ́ 69 ló ṣẹ́ kù, mílíọ̀nù 4.14 náírà nìyẹn. Ẹnì kejì yá owó ra ọkọ̀ ìgbàlódé tó ń mú ₦150,000 wọlé lójúmọ́, ó sì ń dá mílíọ̀nù 2.5 padà lóṣù. Bí ọkọ̀ náà kò bá bàjẹ́ rárá, mílíọ̀nù 4.2 ni yóò kù sí i lọ́wọ́ lẹ́yìn gbèsè, kò fi bẹ́ẹ̀ ju ti ẹnì kìn-ín-ní lọ. Bó bá bàjẹ́ lẹ́ẹ̀kan péré, tó dúró fún ọjọ́ 14 de páàtì, mílíọ̀nù 2.1 ló kù, ìdajì ti lọ nìyẹn. A kò tíì ka owó páàtì. Ẹni tó bá ní gbèsè ọkọ̀ lọ́rùn, ọjọ́ tí ọkọ̀ rẹ̀ fi dúró ló yẹ kó máa kà. Fún ẹni tó ní ọkọ̀ mẹ́wàá àti mẹkáníìkì tirẹ̀, ìṣirò náà yàtọ̀. Ọkọ̀ ìgbàlódé á máa fi epo díẹ̀ gbé ẹrù púpọ̀ rìn jìnnà, á sì pa owó fún un.

Ìfẹ́ àwọn ará òkè òkun sí ọkọ̀ àtijọ́ tún ti ń kan iye owó. Ní Jámánì, ọkọ̀ tó bá ti pé ọdún 30, tó sì ṣì wà bí wọ́n ṣe ṣe é, lè gba nọ́ńbà tí lẹ́tà H wà lẹ́yìn rẹ̀, owó orí rẹ̀ á sì dín kù. Àwọn ọkọ̀ panápaná 911 tí kò rìn púpọ̀ ni àwọn arìnrìn-àjò ń fẹ́ jù, wọ́n ń sọ wọ́n di ilé orí táyà. Ẹni tó bá ń wá 911 tó mọ́ ní Yúróòpù láti kó wálé, àwọn wọ̀nyí ni wọ́n jọ ń dù ú, wọn kò sì ní ìṣirò èrè kankan lọ́kàn.

Èyí tó wà nílẹ̀ níbí lọ̀pọ̀ yín máa rà. Ẹ fi nọ́ńbà tó wà lára ṣáásì wé ti inú ìwé ọkọ̀, kí ẹ sì fi nọ́ńbà iwájú wé ẹ́ńjìnnì tó wà nínú rẹ̀, torí pé ẹnì kan lè ti yọ ti tẹ́lẹ̀ kúrò. Mẹkáníìkì tiyín ni kí ẹ mú lọ, kì í ṣe èyí tí olùtà bá yín pè. Àárọ̀ kùtù ni kí ẹ débẹ̀, kí ẹ fọwọ́ kan ẹ́ńjìnnì náà kí wọ́n tó tan án. Tó bá ti gbóná, ẹ sọ fún wọn pé ẹ ó padà wá lọ́la.