Bíréèkì Mọ́tò Onídísù Tó Ń Le: Ṣé Táǹkì Ló Kù Ká Fi Kún Un?

Bí kòkó bá ti gbẹ tí a sì ti dì í sápò, Land Rover àti Hilux tí táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ń fà ló ń gbé e láti abúlé wá sí Gbọ̀ngán. Dísù ni púpọ̀ nínú wọn ń mu. Àwọn awakọ̀ ń ṣàròyé pé bíréèkì ń le bí òkúta ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ bí ẹrù bá wà lẹ́yìn, àwọn kan sì ní ká ra táǹkì kún un. Ó yẹ ká mọ ohun tí à ń rà kí owó ẹgbẹ́ tó jáde.

Níwájú ẹsẹ̀ bíréèkì, agolo dúdú ńlá kan wà tí wọ́n ń pè ní búsítà. Rọ́bà fífẹ̀ kan pín inú rẹ̀ sí méjì, a sì ti fa afẹ́fẹ́ ibẹ̀ jáde. Bí awakọ̀ bá tẹ bíréèkì, afẹ́fẹ́ ìta á wọ ẹ̀yìn rọ́bà náà, á sì bá a tì í. Ẹ má fojú kéré afẹ́fẹ́ o: ó ń tẹ ínǹṣì kọ̀ọ̀kan níbùú lóròó pẹ̀lú nǹkan bíi pọ́n-ùn 14.7.

Ẹ́ńjìnì onípẹtiróòlù lè fa afẹ́fẹ́ yìí fúnra rẹ̀, nítorí ilẹ̀kùn kan wà lẹ́nu ọ̀nà tó ń gbà mí. Ti dísù kò nírú ilẹ̀kùn bẹ́ẹ̀, fàlàlà ló ń mí, ìdí nìyẹn tó fi ní pọ́ǹpù tirẹ̀. Lára ọ̀pọ̀ Hilux àtijọ́ onẹ́ńjìnì 2L, ẹ̀yìn alternator ni pọ́ǹpù náà wà. Ibẹ̀ gan-an ni wàhálà ti ń bẹ̀rẹ̀! Alternator á bàjẹ́, rewáyà á wá tòkúnbọ̀ ti mọ́tò onípẹtiróòlù fi rọ́pò rẹ̀. Iná tàn, bátìrì ń gba iná, inú oníkálukú dùn. Kò sẹ́ni tó ń fa afẹ́fẹ́ mọ́. Ọ́ìlì ẹ́ńjìnì ni pọ́ǹpù yìí sì ń mu, bí páípù ọ́ìlì rẹ̀ bá dí, á jẹ ara rẹ̀ tán.

Táǹkì ńkọ́? Ìkòkò omi ni, kì í pọn omi fúnra rẹ̀. Ó wúlò bí awakọ̀ bá ní láti tẹ bíréèkì léraléra, tàbí tí ẹ́ńjìnì bá kú lójijì. (Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń pa ẹ́ńjìnì ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ torí dísù, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣíwọ́.) Irin tó nípọn ni kó jẹ́, torí afẹ́fẹ́ ìta á fún agolo lásán pa. Kí páípù rọ́bà rẹ̀ nípọn, kí fáàfù aláìpadà sì wà níhà pọ́ǹpù. Láàárọ̀, ẹ jẹ́ kí ẹ́ńjìnì ṣiṣẹ́ díẹ̀ ná kẹ́ ẹ tó gbéra.

Àmọ́ ẹ kọ́kọ́ dán an wò. Ẹ pa ẹ́ńjìnì, ẹ tẹ bíréèkì títí á fi le, ẹ má gbẹ́sẹ̀ kúrò, kẹ́ ẹ wá tanná sí i: ó gbọ́dọ̀ rì díẹ̀. Lẹ́yìn náà ẹ pa á, ẹ dúró ìṣẹ́jú díẹ̀, kẹ́ ẹ tún tẹ̀ ẹ́: èkíní, èkejì gbọ́dọ̀ ṣì rọ̀. Èyí tó bá kùnà, pọ́ǹpù, páípù, fáàfù tàbí búsítà ni kí mẹkáníìkì wò, kì í ṣe táǹkì. Èyí tó bá yege ṣùgbọ́n tó le láti ìtẹ̀ àkọ́kọ́, kí wọ́n tú àwọn táyà wo láíníǹgì. Mọ́tò tó yege, tó jẹ́ pé lẹ́yìn ìtẹ̀ mẹ́ta mẹ́rin léra wọn ló tó ń le, òun nìkan la fara mọ́ ọn pé kí ẹgbẹ́ ra táǹkì fún.