Ẹgbẹ́ Ìrìn Nínú Ẹgbẹ́ Ọjà Wa: Bí A Ṣe Fẹ́ Bẹ̀rẹ̀ Rẹ̀

Àwọn kan ti ń bi mí pé ṣé lóòótọ́ ni pé a fẹ́ dá ẹgbẹ́ ìrìn sílẹ̀, àti pé kí ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀. Ẹ jẹ́ n kọ ọ́ síbí kó yé gbogbo wa.

Ẹgbẹ́ ìrìn kò ju pé kí àwa mélòó kan pàdé lójú kan náà láàárọ̀, kí a jọ fẹsẹ̀ rìn kíákíá fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, kí oníkálukú sì padà sídìí ọjà rẹ̀. Kì í ṣe eré sísá, kì í sì í ṣe ìwọ́de.

Ẹ ó ní, "Akọ̀wé, ṣé a ò tíì rìn tó ni?" Ká sọ òótọ́, ìjókòó wa pọ̀ ju ìrìn wa lọ. Ẹni tó ń ta èlùbọ́ bíi tèmi, orí àpótí ló ń wà láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́. Alábàárù ló ń bá wa gbé ẹrù, ọ̀kadà ló ń gbé wa délé. Àjọ ìlera àgbáyé tí wọ́n ń pè ní WHO sọ nínú ìlànà tí wọ́n gbé jáde ní 2020 pé ó yẹ kí àgbàlagbà máa fi ó kéré tán ìṣẹ́jú 150 lọ́sẹ̀ ṣe ohun tó ń mú ara gbóná díẹ̀, irú bí ìrìn kíákíá. Bí a bá pín in, ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lọ́jọ́ márùn-ún ni. Wọ́n ní díẹ̀ náà sàn ju kí èèyàn má ṣe rárá lọ. Ìwọ̀n rẹ̀ ni pé kí ẹ lè máa sọ̀rọ̀ bí ẹ ti ń rìn, ṣùgbọ́n kí èémí má tó yín kọrin.

Irú ìrìn yìí a máa bá wa fa ẹ̀jẹ̀ ríru wálẹ̀, a sì máa dín ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ kù. Ẹ̀jẹ̀ ríru kì í kan ilẹ̀kùn. Ẹni tí tirẹ̀ ti dé 140 lókè, 90 nísàlẹ̀, lè máa tajà láì fura, títí rọpárọsẹ̀ yóò fi dé. Ẹ̀yin náà mọ iye ìgbà tí a ti gbé àwo káàkiri láti dá owó aláìsàn.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti le rèé. Bí obìnrin mẹ́fà bá ń pàdé ní kùtù nínú ọjà, ẹnì kan á ní wọ́n ń dìtẹ̀ mọ́ Ìyálọ́jà. Nítorí náà, ọ̀dọ̀ Ìyálọ́jà la ó kọ́kọ́ lọ, a ó sọ ọ́ ní ìpàdé gbogbogbòò, n ó sì kọ ọ́ sínú ìwé ìpàdé pé abẹ́ ẹgbẹ́ ni ó wà. Kò ní alága, kò ní àpò owó. Mo mọ̀ wá: kí ẹsẹ̀ tó kan ilẹ̀, a ti ń wo àǹkárá tí a ó fi ṣe aṣọ ẹgbẹ́! Bí a bá bu owó lé e, ìyá tó ń ta ata wẹ́wẹ́ nílẹ̀ á fà sẹ́yìn, bẹ́ẹ̀ òun gan-an lè jẹ́ ẹni tí ìrìn náà tọ́ sí jù. Kò sí owó ìtanràn fún ẹni tí kò wá. A kàn máa gba ìsọ̀ rẹ̀ kọjá ni, a ó béèrè pé ṣé kò sí. Ẹni tó ń dá rìn kò ní irú ìyẹn.

Àwọn obìnrin aláwọ̀ dúdú ní Amẹ́ríkà ti ń ṣe é. T. Morgan Dixon àti Vanessa Garrison ló dá GirlTrek sílẹ̀ ní 2010. Àwọn obìnrin àdúgbò kọ̀ọ̀kan a máa kó ara wọn jọ rìn lábẹ́ ẹgbẹ́ ńlá náà, ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lójúmọ́ sì ni wọ́n ń gba ara wọn níyànjú sí.

Tiwa, láti Ọjàaba la ó ti gbéra, a ó gun òkè Mápó, a ó kọjá níbi gbọ̀ngàn tí wọ́n ṣí ní 1929, a ó yọ sí Bẹẹrẹ, a ó sì padà. Tó bá pẹ́, ẹsẹ̀ á gbé wa dé Òkè Àrẹ nídìí Láyípo, ilé gogoro tí wọ́n kọ́ ní 1936. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, Ọjọ́bọ̀ àti Àbámẹ́ta, aago mẹ́fà ààbọ̀, lẹ́yìn tí àwọn tó ń kírun ti kírun tán. Ọjọ́ méjì tó kù, kí kálukú rìn ládùúgbò rẹ̀.

Ẹnì kan á ṣáájú, ẹnì kan á kẹ́yìn. Ẹni tó kẹ́yìn yìí ló ṣe pàtàkì jù, kò gbọdọ̀ fi ẹnikẹ́ni sílẹ̀ lọ. Ọwọ́ òsì la ó máa gbà, kí a lè máa rí ọkọ̀ tó ń bọ̀. Bàtà kánfáàsì òkìríkà ti tó, ẹ má wọ sìlípáàsì.

Ẹni tó bá ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, kó má torí ìrìn dá a dúró. Ẹni tó ní àtọ̀gbẹ kó bi dókítà rẹ̀ kó tó bẹ̀rẹ̀, kó má rìn lófìfo inú, kó sì ní ṣúgà díẹ̀ lápò. Bí àyà bá ń dun ẹnikẹ́ni tàbí òòyì ń kọ́ ọ, kó dúró lójú ẹsẹ̀, kí a gbé e lọ sílé ìwòsàn.

Èèyàn mẹ́rin ti tó láti bẹ̀rẹ̀. Ìwé ìforúkọsílẹ̀ wà ní ìsọ̀ mi, ẹ wá kí ìpàdé tó ń bọ̀ tó pé.