Sálẹ́ńsà tó bá mọ́tò mu: Ohun tó yẹ kí onímọ́tò Ìkọ̀lé, Ọ̀yẹ́ àti Ìdó mọ̀ kí wọ́n tó náwó

Ẹni tó bá ń fi mọ́tò ṣiṣẹ́ láti Ìdó sí Ìfàkì, tó ń gba Ọ̀yẹ́ kọjá sí Ìkọ̀lé, yóò ti mọ ohun tí kòtò àti bọ́ǹpù máa ń fojú abẹ́ mọ́tò rí. Sálẹ́ńsà ló máa ń kọ́kọ́ jìyà. Lónìí yóò já, lọ́la wẹ́dà yóò jó o pọ̀, tó bá di ọ̀sẹ̀ kejì, ariwo tún bẹ̀rẹ̀. Nígbà tó bá yá, mẹkáníìkì á ní kí wọ́n ra òmíràn. Ibẹ̀ gan-an ni wàhálà wà, nítorí kì í ṣe gbogbo sálẹ́ńsà tó bá gba abẹ́ mọ́tò ló bá mọ́tò náà mu.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ti ariwo nìkan, ọ̀rọ̀ owó ni. Láti ọdún 2011 tí ìjọba àpapọ̀ ti dá yunifásítì sílẹ̀ ní Ọ̀yẹ́, tó sì ní ọgbà ní Ìkọ̀lé pẹ̀lú, iṣẹ́ ọkọ̀ ti di oúnjẹ ọ̀pọ̀ ènìyàn lágbègbè náà. Àmọ́ láti ọjọ́ 29, oṣù karùn-ún, ọdún 2023, tí Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú ti kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo ti lọ, èrè tó wà níbẹ̀ ti dínkù. Bí takisí kan bá ń jó lítà 20 lójúmọ́, tí àléébù abẹ́ mọ́tò wá sọ ọ́ di lítà 22, lítà 12 ló ṣòfò lọ́jọ́ mẹ́fà. Lọ́sẹ̀ mẹ́rin, ó di lítà 48. Kí onímọ́tò fi iye tí wọ́n ń ta lítà kan ṣírò rẹ̀, yóò rí i pé owó kékeré kọ́.

Ọ̀nà tí èéfín ń gbà

Bí èéfín bá kúrò nínú ẹ́ńjìnnì, ó máa ń gba manifólù, kó tó wọ kátálísì, kó wá gba páìpù lọ sínú sálẹ́ńsà tó wà lẹ́yìn. Kátálísì yìí dà bí afárá oyin nínú. Àwọn irin olówó iyebíye bíi platinum, palladium àti rhodium ni wọ́n fi ra á lára, iṣẹ́ rẹ̀ sì ni láti sọ afẹ́fẹ́ olóró di èyí tí kò ní májèlé tó bẹ́ẹ̀. Láti orí mọ́tò ọdún 1975 ló ti wọ́pọ̀ nínú ọkọ̀ Amẹ́ríkà.

Ohun kan tún wà tí wọ́n ń pè ní sẹ́ńsọ̀ ọ́síjìn. Èyí tó wà níwájú kátálísì ló ń sọ fún ọpọlọ mọ́tò bóyá epo pọ̀ jù tàbí kò tó. Bí páìpù bá lu níwájú sẹ́ńsọ̀ yìí, atẹ́gùn ìta yóò máa wọlé, ọpọlọ mọ́tò á rò pé epo ò tó, á sì máa dà á sí i. Bí epo ṣe ń ṣòfò nìyẹn, tí dírẹ́bà á máa bú ẹni tó ta epo fún un.

Ẹ mọ mọ́tò yín kí ẹ tó dé ọjà

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù ni kí ènìyàn kàn sọ pé, “Ẹ fún mi ní sálẹ́ńsà Corolla.” Corolla èwo? Èyí tó ti Amẹ́ríkà wá láàárín ọdún 2003 sí 2008, ẹ́ńjìnnì 1.8 ló ní. Èyí tó ti Yúróòpù wá lásìkò kan náà lè jẹ́ 1.4 tàbí 1.6. Bẹ́ẹ̀ náà ni Camry tí wọ́n ń pè ní Big Daddy. Oníplọ́ọ̀gì mẹ́rin wà, oníplọ́ọ̀gì mẹ́fà náà wà, páìpù iwájú wọn kò sì jọra, nítorí pé manifólù méjì ni ti oníplọ́ọ̀gì mẹ́fà ní.

Nọ́ńbà ìdánimọ̀ mọ́tò ló ń yanjú èyí. Lẹ́tà àti nọ́ńbà 17 ni, ó sábà máa ń wà lórí dáṣíbọ́ọ̀dù lábẹ́ gíláàsì iwájú. Bó bá fi 1, 4 tàbí 5 bẹ̀rẹ̀, Amẹ́ríkà ni wọ́n ti ṣe é. 2 jẹ́ ti Kánádà. J jẹ́ ti Japan. Nínú ọkọ̀ Amẹ́ríkà, èyí tó wà ní ipò kẹwàá ló ń sọ ọdún rẹ̀: 3 túmọ̀ sí 2003, 8 túmọ̀ sí 2008. Kí ẹ kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ kí ẹ tó ránṣẹ́ sí Adó tàbí ọjà Ládípọ̀ ní Mushin. Ẹni tó bá ti Ìkọ̀lé lọ sí Èkó, tó ra èyí tí kò bá a mu, owó ọkọ̀ ẹ̀ẹ̀mejì ló fẹ́ san.

Bó bá ṣeé ṣe, kí wọ́n gbé ti àtijọ́ dání. Kí wọ́n wọn bí ẹnu páìpù ṣe fẹ̀ tó, kí wọ́n wo iye ihò bóòtù àti bí wọ́n ṣe jìnnà síra, àti ibi tí irin ìfikọ́ wà. Gásíkẹ́ẹ̀tì tuntun ni kí wọ́n fi dè é, kì í ṣe èyí tó ti jóná.

Ẹ ṣọ́ kátálísì yín

Àwọn mẹkáníìkì kan máa ń sọ pé kátálísì kò wúlò níbí, wọ́n á yọ ọ́, wọ́n á sì jó páìpù lásán dípò rẹ̀. Lóòótọ́, bó bá ti dí, mọ́tò kò ní í lè fà dáadáa lórí òkè, òkè ló sì pọ̀ nílẹ̀ Èkìtì. Ṣùgbọ́n kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò ná. Àwọn tó ń ra kátálísì àlòkù ń kiri, owó gidi sì ni wọ́n ń fi rà á nítorí irin inú rẹ̀. Bí wọ́n bá yọ ọ́, ti onímọ́tò ni. Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí.

Ti sálẹ́ńsà ẹlẹ́nu gbàǹgbà ńkọ́?

Àwọn ọ̀dọ́ fẹ́ràn sálẹ́ńsà tó ń dún bíi ti mọ́tò eré ìje. Mọ́tò tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ lágbára gan-an ni wọ́n ṣe páìpù fífẹ̀ bẹ́ẹ̀ fún. Lábẹ́ mọ́tò kékeré, ariwo á pọ̀, ṣùgbọ́n agbára tó fi ń gbéra á dínkù. Páìpù tó fún jù náà kò dára, ó ń há èéfín mọ́ inú ẹ́ńjìnnì.

Bó bá jẹ́ pé jíjó ló kù, kí wọ́n tú okùn bátìrì kí wẹ́dà tó bẹ̀rẹ̀, kí iná má baà ba ọpọlọ mọ́tò jẹ́. Kí wọ́n sì jìnnà sí táńkì epo.

Èyí tó ju owó lọ

Kábọ́ọ̀nù mónósáìdì wà nínú èéfín mọ́tò. Kò ní òórùn, kò ní àwọ̀, ó sì ń pànìyàn. Bí sálẹ́ńsà bá lu, tí ilẹ̀ mọ́tò náà ti dípẹtà, èéfín lè wọlé bá èrò. Bí orí bá ń fọ́ dírẹ́bà àti èrò, tí òòyì ń kọ́ wọn, kí wọ́n dúró, kí wọ́n ṣílẹ̀kùn, kí wọ́n sì tètè lọ sílé ìwòsàn. A kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá: kí onímọ́tò má ṣe máa kun ara ọkọ̀ lọ́dà nígbà tí abẹ́ rẹ̀ ń lu.