Ẹ jẹ́ ká mọ̀: Bí a ṣe lè ṣètò àkókò àdúrà ojoojúmọ́

Dáníẹ́lì máa ń kúnlẹ̀ gbàdúrà lẹ́ẹ̀mẹta lóòjọ́. Máàkù orí 1 sọ pé Jésù jí kí ilẹ̀ tó mọ́, ó sì lọ síbi tí kò sí èèyàn. Ẹ̀yin náà, ẹ yan àkókò kan àti ibì kan pàtó, kí ẹ sì gbé fóònù sí yàrá mìíràn.

Ẹ máa ka Bíbélì lákòókò àdúrà yẹn, àmọ́ ibẹ̀ ló ti ń sú ọ̀pọ̀ èèyàn. Wọ́n á bẹ̀rẹ̀ Jẹ́nẹ́sísì lóṣù kìíní ọdún, tí wọ́n bá ti dé Léfítíkù, ó parí. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀, kó mú ìwé Máàkù, orí 16 péré ni. Ìwé Òwe ní orí 31, ìyẹn bá oṣù mu. Ní ti Sáàmù, Ìwé Àdúrà ìjọ Áńgílíkà ní ètò àtijọ́ kan tí mo fẹ́ràn gan-an: ó pín Sáàmù 150 sí ọjọ́ 30, tàárọ̀ talẹ́. Lọ́jọ́ kìíní oṣù, Sáàmù 1 sí 5 ni ti àárọ̀, 6 sí 8 ni ti alẹ́.

Èyíkéyìí tí ẹ bá yàn, ẹ kà á sókè. Ẹ kọ ẹsẹ kan tó wọ̀ yín lọ́kàn sínú ìwé, kí ẹ sì fi í gbàdúrà: ẹ yin Ọlọ́run, ẹ jẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀, ẹ dúpẹ́, lẹ́yìn náà kí ẹ wá tọrọ.

Bí ẹ bá pa ọjọ́ kan jẹ, ẹ má wulẹ̀ san gbèsè rẹ̀. Ẹ ṣí orí tó kàn, kí ẹ máa bá a lọ.