Páìpù Tó Tẹ̀ àti Ife Tó Dojú Dé

Omi ìwẹ̀ kò ṣòro láti dà nù. Òórùn sọ́kàwéè tó fẹ́ gba ọ̀nà kan náà padà wọlé ni wàhálà. Nítorí rẹ̀ ni tíráàpù ṣe wà: ó ń dá omi díẹ̀ dúró lójú ọ̀nà, omi náà ló sì ń ṣe ìlẹ̀kùn. Oríṣi méjì ni pùlọ́ńbà sábà máa ń gbé wá fún ilẹ̀ balùwẹ̀. Ọ̀kan, tí wọ́n ń pè ní P-trap, jẹ́ páìpù tó tẹ̀ wọnú ilẹ̀ lábẹ́ sìmẹ́ǹtì, tó tún gbórí sókè; inú ibi tó tẹ̀ yẹn ni omi ń dúró sí. Èkejì jẹ́ ife kékeré tí a dojú rẹ̀ dé ẹnu páìpù lábẹ́ asẹ́. Etí ife náà rì sínú omi tó yí ẹnu páìpù ká.

Ká fi jíjìn wọ̀n wọ́n, páìpù ló borí. Ìlànà ìkọ́lé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi mìlímítà 50 lélẹ̀ fún omi tó ń dúró nínú tíráàpù ṣáwà, èyí kò sì ni páìpù lára rárá. Mo fi rúlà wọn ti ife balùwẹ̀ wa: kò pé 20. Ká wá fi ìtọ́jú wọ̀n wọ́n, ife ló borí. Irun tó bá há sínú páìpù, wáyà gígùn la fi ń wá a, nígbà mìíràn a ó fọ́ táìlì. Ti ife, ọwọ́ lásán ni. Ní Sátidé tó kọjá, mo ṣí asẹ́, mo gbé ife sókè: irun àtáṣímẹ́ǹtì tí ọmọ mi tú ti lọ́ mọ́ ọn lára, ọṣẹ funfun sì bò ó bí ọ̀rá tó dì. Mo fà á kúrò, mo fọ ife, mo dá a padà. Kò tó ìṣẹ́jú 5.

Ṣùgbọ́n nítorí pé ó rọrùn láti yọ, ó rọrùn láti pàdánù. Bí omi bá ń lọ́ra, ẹnìkan á yọ ife sójú fèrèsé, kò ní rántí dá a padà mọ́, aáyán á sì ráyè wọlé. Kò sẹ́ni tó lè yọ páìpù bẹ́ẹ̀. Àmọ́ ilẹ̀ tó jìn ni páìpù ń fẹ́. Lórí dẹ́kìn pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, ife ló sábà máa ń ráàyè.

Ibi tí àwọn méjèèjì ti jọra ló wú mi lórí jù: bí omi inú wọn bá gbẹ, kò sí tíráàpù mọ́. Ní 2003, àrùn SARS mú èèyàn tó lé ní 300 ní ọgbà ilé gbígbé Amoy Gardens, ní Hong Kong. Àwọn tó ṣèwádìí ka tíráàpù ilẹ̀ balùwẹ̀ tó ti gbẹ mọ́ ohun tó ṣeé ṣe kó tàn án kálẹ̀. Páìpù tó tẹ̀ ni tiwọn, àwọn onílé sì máa ń nu ilẹ̀ balùwẹ̀ ni, wọn kì í da omi sí i.

Bó bá jẹ́ ilé ìsàlẹ̀ tí a kò tíì da kọnkéré rẹ̀, páìpù ni màá yàn. Lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, ife ni, èyí tó bá jìn jù lọ́jà. Fún balùwẹ̀ àlejò tí ẹnikẹ́ni kì í wẹ̀ níbẹ̀, pàápàá lásìkò ọyẹ́, ẹ jọ̀wọ́, ẹ máa da abọ́ omi kan síhò ilẹ̀ rẹ̀ lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀.