Onímíksà: Olùtọ́jú Ohùn ní Òde Ìnáwó Èjìgbò

Ní Èjìgbò, ìlú Ògìyán, òrìṣà tí ń jẹ iyán, kò sí ìnáwó tí ó lè kún ojú òsùwọ̀n láìsí ẹnìkan tí àlejò kì í sábà kíyè sí, tí ó jókòó sí ẹ̀gbẹ́ àgọ́, tí ó kọjú sí míksà, ẹ̀rọ tí a fi ń da ohùn pọ̀, tí ó sì da etí sílẹ̀. Òun ni onímíksà, tí àwọn ẹlòmíràn ń pè ní ẹnjiníà. Ọwọ́ rẹ̀ ni ó wà, bóyá oríkì tí onírárà ń kì yóò dé etí ìyá àgbà tí ó jókòó lẹ́yìn pátápátá, tàbí yóò di ariwo lásán. Nígbà ọdún Òrìṣà Ògìyán, tí àwọn ọmọ ìlú tí ń ṣòwò ní Abidjan bá wálé, àti níbi ìsìnkú, ìsọmọlórúkọ àti ìsìn, láti Màsífà títí dé Ifẹ̀-Ọ̀dàn, òun ni a ń wá.

Iṣẹ́ náà kì í ṣe ọmọ àná. Kí ẹ̀rọ tí ń gbé ohùn sókè tó dé, gìtá àti ohùn olórin jùjú kò lè dúró níwájú ìlù tí ń ké tantan. Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, nígbà tí ẹ̀rọ náà tẹ àwọn olórin Èkó lọ́wọ́, ni ọ̀nà ṣẹ̀ṣẹ̀ là fún gángan láti wọ inú jùjú, a sì ka Akanbi Ege Wright mọ́ àwọn tí ó kọ́kọ́ mú un wọlé, ní nǹkan bí ọdún 1948. Láti ìgbà náà ni onílù àti olùtọ́jú ẹ̀rọ ti di alájọṣe.

Lónìí, irinṣẹ́ ti pọ̀ sí i. Ní 1997 ni ilé-iṣẹ́ Image-Line ní Belgium gbé FruityLoops jáde, èyí tí ó di FL Studio, tí àwọn ọ̀dọ́ wa fi ń ṣe orin lórí kọ̀ǹpútà nínú yàrá. Ọdún yẹn kan náà ni Andy Hildebrand, tí ó ti fi ìmọ̀ ìró wá epo rọ̀bì lábẹ́ ilẹ̀ rí, gbé Auto-Tune, ètò tí ń tún ohùn olórin ṣe, jáde ní Amẹ́ríkà. Ní 2012 ni X32 ti ilé-iṣẹ́ Behringer dé, míksà tí ẹnjiníà lè máa fi tábúlẹ́ẹ̀tì darí bí ó ti ń rìn láàárín èrò, tí ó fi lè lọ dúró ti ìyá àgbà náà, kí ó gbọ́ ohun tí ìyá ń gbọ́, kí ó sì tún un ṣe lójú ẹsẹ̀. Ní 2019, ilé-iṣẹ́ Deezer ti ilẹ̀ Faransé fi Spleeter sílẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́, èyí tí ń ya ohùn olórin sọ́tọ̀ kúrò lára ìlù nínú orin tí a ti gbà sílẹ̀. Oore ńlá ni gbogbo wọn.

Ṣùgbọ́n ohun tó wà lẹ́yìn ẹfà, ó ju èje lọ. Auto-Tune a máa fa ohùn lọ sí ibi tí ó súnmọ́ ọn jù lọ lára àkàsọ̀ orin tí a yàn fún un. Bí a bá sì jẹ́ kí ó yára jù, ohùn tí ń yọ́ gòkè, tí ń yọ́ sọ̀kalẹ̀, tí ó gbé ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ wa dání, yóò gé pátá. Ètò inú míksà tí ń ti ilẹ̀kùn mọ́ ariwo, tí kì í ṣí i àfi bí ohùn bá ròkè, a máa gbé ìparí gbólóhùn mì, nítorí ohùn Yorùbá a máa lọ sílẹ̀ bí gbólóhùn bá ń parí lọ, ibẹ̀ gan-an ni orúkọ baba ńlá ẹni sì lè wà. Spleeter, ní tirẹ̀, kò ní ju àpótí márùn-ún lọ: ohùn ènìyàn, ìlù, béèsì, dùùrù àti ìyókù, kò sí àpótí fún ìlù tí ń sọ̀rọ̀ bí ènìyàn. Òwe òwe là ń lu agídìgbo, ọlọ́gbọ́n ní í jó o, ọ̀mọ̀ràn ní í mọ̀ ọ́n. Ẹ̀rọ kì í sì í ṣe ọ̀mọ̀ràn.

Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Ọ̀dọ́ ló mọ ẹ̀rọ, àgbà onílù ló mọ ọ̀rọ̀. Nítorí náà, kí ẹni tó ni ìnáwó pe onímíksà ní kùtùkùtù, kí ó sì san owó àkókò tí yóò fi dán ohùn wò. Kí ọmọ onílù máa lu ìyáàlù, kí ọ̀gá rẹ̀ dúró ti míksà, kí ó máa sọ ibi tí ọ̀rọ̀ ti sọnù. Kí ọ̀gá tó sì gba ọmọ iṣẹ́ kọ́ ọ ní oríkì gẹ́gẹ́ bí ó ti ń kọ́ ọ ní wáyà síso, nítorí ẹni tí kò gbọ́ ohun tí ìlù ń wí kò lè mọ ìgbà tí ẹ̀rọ pa ọ̀rọ̀ mọ́ ọn lẹ́nu.